Ẹ Kọ́kọ́ Dà Á Kọ Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe

Ní ọdún 1899 ni Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, fi ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó jọ ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan ni ìwé náà gbà dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé olókìkí kan, láti ìgbà náà ni a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún ní 1900 tí ó sì bèèrè rẹ̀, èsì tí ó gbà ni pé ìwé náà ti sọnù sáàárín ìwé, a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé múra tán láti san owó rẹ̀. Owó rẹ̀! Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ jẹ́ apẹ̀rẹ̀ àgbàdo tí ó bọ́ sódò. Ní 1901 Àlùfáà Johnson papò dà. Bí kò bá ṣe pé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kọ ṣì wà nílé, tí Dókítà sì jókòó tì wọ́n tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, a kì bá tí rí ìwé The History of the Yorubas tí ó jáde ní 1921 kà títí di òní. Èyí tí a tún kọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú agbami, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ.

A ń rán ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa létí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí kò ní èkejì, pọ̀ nílẹ̀ wa lónìí ju ti ayé Johnson lọ. Wọn kò sí nínú àpótí igi mọ́. Inú fíláàṣì tí kò ju ọmọ ìka lọ ni wọ́n wà, inú mẹ́mórì fóònù tí èékánná lè bò mọ́lẹ̀, àti inú dísìkì ńlá alágbèéká tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wo Ìjẹ̀bú-Igbó: ìdílé mélòó ni kò ní ohùn baálé wọn tí ó ti sùn, tí ó ń ka oríkì ilé wọn, tàbí tí ó ń sọ bí a ti ṣe pín ilẹ̀ oko kòkó? Ẹ wo Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1982, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ àpò ṣòkòtò. Ẹ wo Abigi, Iwopin àti Makun-Omi ní etí ọ̀sà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin kì í ti í jẹ́ kí irin tàbí ìwé pẹ́. Ìwé ìpàdé ìjòyè, orúkọ àwọn tí ó ti jẹ oyè tẹ̀ léra, ẹjọ́ ààlà ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú nǹkan wọ̀nyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ẹ̀dà kankan lórí ìwé.

Ohun tí a ní í sọ kò pọ̀. Nígbà tí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, àṣà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa ni kí a tún un ṣe. A sọ pé àṣà náà kò dára. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tí ó bá ṣì ṣeé kà nínú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Àtúnṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, orí ẹ̀dà ni kí a sì ti ṣe é.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú ohun tí à ń bá lò. Fíláàṣì kò ní ẹ̀rọ tí ń yí nínú. Àìmọye yàrá kékeré ni ó wà nínú rẹ̀, iná mànàmáná bíńtín ni a sì ń há mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe àmì. Fujio Masuoka, ará Japan, ni ó ronú kan irú èyí ní ilé iṣẹ́ Toshiba lẹ́yìn 1980. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ó di ohun tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ohun inú yàrá rẹ́ tí a sì kọ òmíràn, ògiri yàrá náà a gbó díẹ̀. Bí a bá sì gbé fíláàṣì jù sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ooru, iná tí a há mọ́ ibẹ̀ a máa jò lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá kó ohùn àwọn àgbà sínú fíláàṣì kan ṣoṣo tí ó sì tì í mọ́ àpótí, ó rò pé òun fi pamọ́ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe létí títì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń tàn wọ́n. Bí dísìkì bá ti ṣe ségesège, ìwé pélébé kan a yọ lójú gíláàsì, a ní: dísìkì yìí kò ṣeé lò àfi kí o fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ṣé kí n fọ́ọ̀mátì rẹ̀? Ọmọkùnrin náà a tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ìdílé kan tí a mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbé fíláàṣì bàbá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a kì yóò dárúkọ. Wọ́n fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Bí ó bá mọ níbẹ̀, ìrètí ṣì wà, nítorí fọ́ọ̀mátì oníkánjú kì í pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ tán, ìwé atọ́nà tí ó ń sọ ibi tí nǹkan wà ni ó ń ya dànù. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà tún fi orin kún un dé ẹnu, ó ní òun ń dán an wò bóyá ó ti yá. Nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bú sẹ́kún, ó fún wọn ní fíláàṣì tuntun tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òǹtẹ̀wé ọdún 1900 kúkú ni èyí, tí ó múra láti san owó rẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa lò fún irú iṣẹ́ yìí ni Linux. Ìran Unix ni, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ni ó sì gbé Linux tirẹ̀ jáde ní 1991 tí ó fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. A kì í rà á. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, Ubuntu, tí ó jáde ní 2004, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè àwọn ènìyàn dúdú ní ìhà gúúsù Áfíríkà. A lè kọ ọ́ sórí fíláàṣì tí ara rẹ̀ le, kí a ki í bọ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, kí kọ̀ǹpútà náà sì jí pẹ̀lú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ ni a fi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó máa ń sọ òótọ́ fún ẹni tí ó bá bi í ní ìbéèrè ni.

Àwọn ará etí omi ni yóò tètè yé bí Linux ti ń lo dísìkì, nítorí ó ń so ó mọ́lẹ̀ bí a ti ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, bí a bá sì lò ó tán, a gbọ́dọ̀ tú u. Bí ẹ bá da fáìlì sínú fíláàṣì tí kọ̀ǹpútà sì ní ó ti parí, ẹrù lè má tíì wọ ọkọ̀. Alábàárù ti gbà á lọ́wọ́ yín ni, etí èbúté ni ó ṣì wà. Ẹni tí ó bá fa fíláàṣì yọ ní wàrà nígbà náà, ọkọ̀ rẹ̀ ṣí lọ láìkó ẹrù. Àṣẹ umount ni ó ń mú kí a kó gbogbo ẹrù wọlé kí a tó tú okùn. Ìdajì nínú àìsàn fíláàṣì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé wá, a fura pé ìfàyọ ìwàǹwára ni ó fà á.

Bí àìsàn bá wá dé ní tòótọ́, tí fáìlì kò ṣí mọ́, tàbí tí kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári nígbà tí a kan fíláàṣì, ohun àkọ́kọ́ ni kí a ká ọwọ́ kúrò. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣí i kiri láti wo èyí tí ó kù, nítorí bí a ti ń ṣí àpò àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń ka gbogbo wọn láti ya kékeré wọn sójú gíláàsì, ẹni tí ń kú lọ kò sì yẹ kí a máa bá ṣeré ìje. Lẹ́yìn náà kí a bi kọ̀ǹpútà léèrè pẹ̀lú àṣẹ dmesg. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ ni èyí, gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí I/O error pẹ̀lú nọ́ńbà ojúlé kan (nítorí a pín ojú dísìkì sí ojúlé bí àdúgbò), a jẹ́ pé ojúlé náà kò dáhùn nígbà tí a kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ USB disconnect ni ó ń sọ léraléra, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi dísìkì rárá. Okùn lè ti gbó, ihò tí a kì í bọ̀ lè ti mì, tàbí kí iná tí kọ̀ǹpútà ń fún un má tó o. Ẹ pààrọ̀ wọ̀nyí kí ẹ tó dájọ́.

Àṣẹ lsblk ni yóò fi hàn wá orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún dísìkì kọ̀ọ̀kan àti bí ó ti tóbi tó. Ẹ fi sùúrù kà á. sda sábà máa ń jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, sdb a sì jẹ́ ti àlejò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà; títóbi rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Bí a bá ti so ó mọ́lẹ̀, kí a tú u. Bí kọ̀ǹpútà bá ní ẹnìkan ṣì ń lò ó, àṣẹ fuser -vm yóò dárúkọ ẹni náà. Nígbà mìíràn ètò kan yóò wà tí ó dúró de ìdáhùn dísìkì tí ń kú lọ, tí kò ní gbọ́ ikú pàápàá. Ẹ lè pa á pẹ̀lú kill -9, kò ní mì. Kì í ṣe agídí rẹ̀. Ó ń retí ìdáhùn ni, ó sì dára kí a fi pẹ̀lẹ́ yọ dísìkì náà, kí a tún kọ̀ǹpútà tàn, ju kí a máa lù ú ní àlùpamọ́kùú lọ.

Nígbà náà ni ó kan ddrescue. Antonio Diaz Diaz ni ó ṣe é, láti 2004 ni ó sì ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Àṣẹ dd àtijọ́ a dúró lójú ẹsẹ̀ níbi ojúlé àkọ́kọ́ tí kò bá dáhùn. Ddrescue kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́n bí àgbà tí ń bèèrè ìtàn lọ́wọ́ arúgbó tí ara rẹ̀ kò yá: ó kọ́kọ́ gba gbogbo èyí tí ó rọrùn, ó fo èyí tí ó le, ó sì padà wá sí i nígbà tí ohun tí ó pọ̀ jù ti wọlé. A ó kọ ọ́ báyìí:

ddrescue -d -n /dev/sdb ohun.img ohun.map

Èyí àkọ́kọ́ ni dísìkì aláìsàn, èkejì ni ẹ̀dà odidi rẹ̀, ẹ̀kẹta ni ìwé kékeré tí ó ń kọ gbogbo ibi tí ó ti dé sí. Ìwé kékeré yìí ni a rò pé ó yẹ kí gbogbo ará ilẹ̀ wa fi ọpẹ́ rẹ̀ hàn, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ (ta ni iná kì í lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín wa?), a kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a tún pa àṣẹ kan náà, yóò ka ìwé rẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó dé. Nígbà tí ìgbà àkọ́kọ́ bá parí, kí a mú -n kúrò kí a fi -r3 dípò rẹ̀, kí ó lè padà kanlẹ̀kùn àwọn ojúlé líle ní ìgbà mẹ́ta sí i. Dísìkì tí a ń da ẹ̀dà sí gbọ́dọ̀ ní àyè ju ti aláìsàn lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú FAT32, nítorí ìyẹn kò lè gba fáìlì kan tí ó bá tó gígábáìtì 4. Àmì kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: -f. Òun ni ó ń fún ddrescue láṣẹ láti kọ nǹkan bo odidi dísìkì mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọ̀ fún yín tí ó ní kí ẹ fi -f sí i, ẹ dákẹ́, kí ẹ tún wò bóyá ẹ ti gbé ẹ̀yìn síwájú.

Nígbà tí ẹ̀dà bá wà lọ́wọ́, kí a da ẹ̀dà náà fúnra rẹ̀ kọ, kí a sì ti dísìkì aláìsàn mọ́ àpótí. Orí ẹ̀dà kejì yìí ni kí fsck ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Àwọn kan a bi wá pé, ìgbà tí fsck ti jẹ́ oníṣègùn, kí ni ó dé tí a kò jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan aláìsàn? Ìdí ni pé iṣẹ́ abẹ ni ó ń ṣe. Ó ń kọ nǹkan tuntun sórí dísìkì, ó ń gé ohun tí kò bá yé e kúrò, ìtọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ti ètò ìwé atọ́nà. Kò bìkítà bóyá ohùn ìyá yín wà nínú èyí tí ó gé. Bí fsck kò bá sì ràn án, PhotoRec ti Christophe Grenier wà, tí ó ń wá fáìlì láìwo ìwé atọ́nà rárá. Àwọn fáìlì náà a padà wá láìní orúkọ, bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà, ìdílé ni yóò jókòó tì wọ́n láti dá wọn mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti etí ọ̀sà gbé irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ wá bá wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ní èdè àwọn ará omi tí àwọn ọmọ òde òní kò sọ já gaara mọ́, bí ìdílé wọn ti ṣe dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n ti sọ fún un lọ́nà méjì pé kí ó jẹ́ kí àwọn fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ó kọ̀. Ddrescue ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di ọjọ́ kejì, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró. Nígbà tí ó parí, ohùn ìyá náà padà, àfi ibì kan tí ó ti gé láàárín gbólóhùn, níbi tí ó ti fẹ́ dárúkọ ẹni tí ó wa ọkọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ orúkọ yẹn. Ó sọ ọ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

A kò sọ pé Linux ń jí òkú. Dísìkì alágbèéká tí ó ní ẹ̀rọ yíyí nínú, bí ó bá ń dún kàù-kàù bí ẹyẹ àkókó, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Ìkanlẹ̀kùn síwájú sí i ń ha á lára ni. Irú èyí di ti àwọn tí ó ní yàrá tí kò ní eruku àti irinṣẹ́ rẹ̀, owó wọn kò sì kéré. Fíláàṣì tí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ rí rárá, tí kò hàn nínú lsblk, ti kọjá agbára ddrescue pẹ̀lú.

Ayédèrú tún wà. A ń tà wọ́n kiri ọjà wa, fíláàṣì tí a kọ nọ́ńbà ńlá sí lára, tí ìdámẹ́wàá rẹ̀ kò sì sí nínú. A ti purọ́ fún kọ̀ǹpútà nípa bí ó ti tóbi tó. Ó ń gba ẹrù wọlé, kò sì sí iyàrá tí yóò kó o sí. Ètò f3 tí Michel Machado ṣe fún Linux ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀: f3write a kún un dé ẹnu, f3read a sì kà á padà láti mọ èyí tí ó dúró. Fíláàṣì tuntun tí kò ní nǹkan nínú ni a ń ṣe èyí fún o. Kí akápò ẹgbẹ́ má ṣe san owó fún dísìkì kankan tí a kò bá dán wò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sọ pé gbogbo wàhálà yìí ti di ti àtijọ́, pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ Google tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò bá wọn jà. Ẹ kó o síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ni ìyẹn jẹ́, owó dátà tí yóò gbé ohùn wákàtí mẹ́wàá láti Iwopin dé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹni tí ó bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, tàbí tí ó bá kú láìsọ ọ́ fún ọmọ, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdílé rẹ̀ síta. Johnson fi ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó tóbi tí ó sì lókìkí. Èyí tí ó kù nílé ni ó gbà á là. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń bèèrè: méjì nílé lórí dísìkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní ìlú mìíràn. Kí Ìjẹ̀bú-Igbó bá Àgọ́-Ìwòyè tọ́jú tiwọn, kí Àgọ́-Ìwòyè bá Abigi tọ́jú, kí Abigi náà bá Ìjẹ̀bú-Igbó tọ́jú. Ìnáwó rẹ̀ kò tó ti aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan.

Nítorí náà a ń bẹ àwọn ìjòyè tí ń ka ìwé yìí pé kí wọ́n fi àṣẹ kan lélẹ̀ nínú ìdílé àti ní ààfin: kí ẹnikẹ́ni má fọ́ọ̀mátì dísìkì tí ohùn tàbí ìwé ìlú wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ìdílé fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn án. A sì ń bẹ Ẹgbẹ́ wa pé kí a ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí Linux wà nínú rẹ̀, kí ọ̀dọ́ méjì sì mọ iṣẹ́ tí a là sílẹ̀ yìí dójú àmì. Àwa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe tán láti kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú fíláàṣì ẹ̀ka rẹ̀ sórí ìwé gidi, kí ó kọ ọjọ́ tí a dà á kọ kẹ́yìn àti ọwọ́ ẹni tí ẹ̀dà náà wà sí i, kí ó sì mú ìwé náà wá.